Kí Ẹ Tó San Owó Ilé ní Kútọnu: Ẹ Wo Omi, Ẹ Wo Ọ̀nà

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Kétu. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti rí ilé ní Kútọnu: yàrá kan àti pálọ̀, ilé ìwẹ̀ wà nínú, owó rẹ̀ sì jẹ́ 15,000 fráńkì lóṣù. Démarcheur tó bá a wá a ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ògiri funfun, ilẹ̀kùn tuntun, yanrìn mímọ́ níwájú ilé. Ọkùnrin náà ní kó tètè fi owó ránṣẹ́, nítorí àwọn mìíràn ń bọ̀ wá wò ó.

Gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó ẹrù láti Kétu fún àwọn tó ń tà á nílùú ńlá, ó wá rò ó pé ó tó àkókò kí òun fúnra òun lọ jókòó síbẹ̀, kí èrè má baà máa pín sọ́nà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì yóò bá a lọ. Owó tó ti fi ọdún méjì kó jọ ló fẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n lọ fojú ara mi rí i."

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Ilé náà rí bó ṣe wà nínú fọ́tò, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí sí ẹ̀yìn, mo rí ìlà kan lára ògiri ilé tó tẹ̀ lé e. Ó ga dé orúnkún mi. Òkè ìlà náà funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ìyá kan ń dín àkàrà nítòsí ibẹ̀. Mo kí i, mo ra àkàrà, mo sì bi í léèrè ohun tó fa ìlà náà. Ó ní ibẹ̀ ni omi dé. Ó ní bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn: bí omi bá ti dé, àwọn á gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, ẹni tó bá ní ẹbí níbòmíràn á kó tọ̀ wọ́n lọ. Ilé tí wọ́n fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà ni.

Ẹ fojú inú wo ogún àpò gàrí àti ẹ̀wà nínú yàrá tí omi ń wọ̀ dé orúnkún. Owó ọdún méjì yóò lọ ní òru ọjọ́ kan.

Èmi náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kúrò nílé wá kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn, yàrá tó rọ̀ jù lówó ni mo gbà, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo jí ní òru, mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí ẹní, omi ni mo fi tẹ̀. Àwọn ìwé mi ń léfòó. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Sábẹ, ní Ìdáàṣà, ní Pobè àti ní Sakété, tí ẹ ń múra láti kó wá sí ìhà etí òkun, tàbí tí ẹ fẹ́ rán ọmọ wá síbẹ̀.

Kútọnu tí à ń sọ, ó ju Kútọnu lọ

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé Kútọnu làwọn ń gbé, Kútọnu kọ́ ni wọ́n ń sùn. Orí yanrìn tó wà láàárín òkun àti adágún Nokoué ni Kútọnu fúnra rẹ̀ jókòó sí. Òkun kò jẹ́ kó gbòòrò síhà gúúsù, adágún kò jẹ́ kó gbòòrò síhà àríwá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti kún. Níbi ìkànìyàn ọdún 2002, ènìyàn 665,100 ni wọ́n kà ní Kútọnu. Ní ọdún 2013, wọ́n ka 679,012. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní Abomey-Calavi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn, iye ènìyàn fò láti 307,745 dé 656,358 láàárín ọdún kan náà. Calavi, Godomey àti Akassato ni àwọn ènìyàn ń lọ. Níhà ìlà-oòrùn, wọ́n ń lọ sí Sèmè-Kpodji àti Ekpè, títí dé Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo.

Ohun kejì ni pé omi pín Kútọnu sí méjì. Àwọn Faransé ló la ojú omi tó so adágún pọ̀ mọ́ òkun ní ọdún 1885. Akpakpa wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ọjà Dantokpa àti àwọn àdúgbò bíi Gbégamey, Cadjèhoun àti Fidjrossè wà ní ìwọ̀-oòrùn. Afárá mẹ́ta ló so ìhà méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń gbé ní ìhà kan tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì, kò sí ọjọ́ iṣẹ́ kan tí kò ní kọjá lórí afárá ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ àti zémidjan fún pọ̀ mọ́ra bí ẹja inú agolo.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi

Ní ìhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje. Òjò kékeré máa ń tẹ̀ lé e láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni omi òjò, ọ̀tọ̀ ni omi adágún, àlejò kì í sì í mọ ìyàtọ̀ wọn.

Omi òjò máa ń dúró sí ibi tí ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, tí kò rí ọ̀nà jáde. Agla jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí a mọ̀ fún èyí. Omi adágún ní tirẹ̀ máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Odò Ouémé tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Sábẹ kọjá, inú adágún Nokoué ló ń já sí. Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀ ní àríwá, odò á kún, adágún á sì kún lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, oòrùn lè máa ràn ní Kútọnu kí omi sì máa gun ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé ní Ladji, ní Vossa tàbí ní Ahouansori. Ẹ̀yin ará Sábẹ, omi tí ẹ rí níwájú yín lónìí lè tẹ̀ lé yín wá sí ẹnu ilẹ̀kùn yín lọ́la.

Ìjọba ti ń la àwọn kòtò ńlá tí omi yóò máa gbà jáde nílùú Kútọnu, wọ́n sì ti fi òkúta tẹ́ ọ̀pọ̀ títì. Ibi tí omi ń bò lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti gbẹ lónìí. Nítorí náà, ẹ má kàn gbọ́ orúkọ àdúgbò kí ẹ sá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbọ́ orúkọ àdúgbò kí ẹ fọkàn balẹ̀. Òjò ọdún tó kọjá ni kí ẹ béèrè. Nínú àdúgbò kan ṣoṣo, ẹ lè rí ilé kan tó gbẹ táútáú, kí ilé kẹta sí i wà nínú omi.

Àmì wà tí ẹ lè fi ojú ara yín rí, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, kì í ṣe ti ilé tí wọ́n ń fi hàn yín nìkan, ti àwọn ilé tó yí i ká pẹ̀lú, nítorí ọ̀dà tuntun kì í dé ara ilé aládùúgbò. Ẹ wò ó bóyá àwọn ènìyàn mọ ògiri kékeré sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn, tàbí wọ́n to àpò yanrìn àti táyà àlòkù sí ojú ọ̀nà láti máa tẹ̀ kọjá. Ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n pa tì tí koríko ti bò. Bí kànga bá wà nínú àgbàlá, ẹ yọjú wò ó. Bó bá jẹ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibi tí ọwọ́ ń dé, omi wà nítòsí lábẹ́ ilẹ̀ nìyẹn, kò sì ní pẹ́ jáde bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Irú kànga bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sáláńgá nítòsí rẹ̀, àìsàn ni fún ọmọdé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ má bi onílé, ẹ má sì bi démarcheur. Ẹ bi aláàkàrà, ẹ bi ẹni tó ń ta epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bi zémidjan pé ṣé ó ń gbà láti gbé èrò wọ àdúgbò náà bí òjò bá rọ̀. Ìdáhùn zémidjan kì í parọ́, nítorí alùpùpù rẹ̀ ló ń rò.

Ẹ wo ọ̀nà, ẹ sì ṣírò ó

Owó ilé kékeré máa ń fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n owó ilé nìkan kọ́ ni owó tí ilé ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò, kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ẹ fẹ́ máa tajà ní Dantokpa. Ẹ rí yàrá kan ní òkèèrè Calavi ní 15,000 fráńkì lóṣù, ẹ sì rí òmíràn ní Akpakpa ní 30,000. Láti ti Calavi, ká ní ẹ ń san 700 fráńkì ní àlọ àti 700 ní àbọ̀. Ó di 1,400 lójúmọ́. Bí ẹ bá jáde fún ọjọ́ 26 nínú oṣù, ó di 36,400. Ẹ fi owó ilé kún un, ó di 51,400. Láti ti Akpakpa, ká ní ẹ ń san 200 ní àlọ àti 200 ní àbọ̀. Ọjọ́ 26 di 10,400. Ẹ fi owó ilé kún un, ó di 40,400. Yàrá tó dà bíi pé ó rọ̀ jù ló wọ́n jù. Fi 11,000 fráńkì lé e, lóṣooṣù. A kò tíì ka wákàtí tí ẹ óò lò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní oríta Godomey, tàbí iye oníbàárà tó ti ra ọjà lọ kí ẹ tó dé ìdí àtẹ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Calavi gan-an ni iṣẹ́ yín wà, tàbí tí ọmọ yín ń lọ sí yunifásítì tó wà níbẹ̀ láti ọdún 1970, ìṣirò náà yí padà pátápátá. Kò sí àdúgbò tó dára fún gbogbo ènìyàn. Ibi tí ẹsẹ̀ yín ń lọ lójoojúmọ́ ló ń sọ ibi tó dára fún yín.

Fún ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀nà kejì kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ọ̀nà tí ẹrù yín ń gbà wá. Láti Sábẹ àti Ìdáàṣà, ọ̀nà Bohicon àti Allada ni ọkọ̀ ń gbà. Akassato ló kọ́kọ́ ń dé, lẹ́yìn náà Calavi, lẹ́yìn náà Godomey, kó tó wọ Kútọnu. Ìjọba sì ti kọ́ ọjà ńlá kan sí Akassato fún àwọn tó ń ta oúnjẹ ní àpò àpò. Ará Sábẹ tó ń kó iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀wà wá, tó sì lọ gba ilé sí Akpakpa, yóò máa ru ẹrù la gbogbo ìlú kọjá. Láti Kétu ní tirẹ̀, Pobè àti Sakété ni a ń gbà, Àjàṣẹ́ la sì kọ́kọ́ ń dé. Ìhà ìlà-oòrùn ni ọ̀nà Kétu ń já sí. Bí ará Kétu bá fi Calavi ṣe ilé, odindi Kútọnu ló fi sí àárín ara rẹ̀ àti ìlú rẹ̀.

Àwọn ìhà náà níkọ̀ọ̀kan

Àárín Kútọnu, ní agbègbè Gbégamey, Zongo àti ìtòsí Dantokpa: ọjà wà nítòsí, ilé ìwòsàn ńlá CNHU kò jìnnà, iná àti omi ẹ̀rọ ti wà tipẹ́. Owó ilé ga, àyè kéré, ariwo kì í tán. Ó dára fún ẹni tó ń tajà láti ìdájí, tí kò sì ní ẹrù púpọ̀ láti kó pamọ́.

Fidjrossè, Haie Vive àti Cadjèhoun: títì dára, atẹ́gùn òkun ń fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olówó àti àwọn òyìnbó ló ń fa owó ilé ibẹ̀ sókè. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun kò ní rí yàrá tó bá àpò rẹ̀ mu níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Akpakpa: ó gbòòrò, ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, owó ilé rẹ̀ máa ń wà ní àárín, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Fún ẹni tó ń ti ìhà Kétu bọ̀, kò ní láti kọjá afárá Kútọnu kó tó délé. Ṣùgbọ́n kí ó wo ibi tó súnmọ́ adágún dáadáa, kó sì mọ̀ pé òkun ti ń jẹ ilẹ̀ etíkun ìhà ìlà-oòrùn yìí tipẹ́tipẹ́.

Godomey, Calavi àti Akassato: ibẹ̀ ni àyè wà, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kún. Ilẹ̀ Calavi ga ju ti Kútọnu lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àmọ́ bí ẹ bá ti wọnú àdúgbò lọ kúrò ní ojú títì ńlá, àwọn ọ̀nà yanrìn tí wọ́n ń pè ní von máa ń le fún ọkọ̀ ẹrù, àwọn ibòmíràn sì wà tí omi SONEB kò tíì dé.

Sèmè àti Ekpè: ó wà láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́. Ẹ rántí pé ibi ìsanwó ojú títì wà ní Ekpè. Ẹni tó ní ọkọ̀ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í sínú ìṣirò.

Àjàṣẹ́: olú ìlú wa nìyí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó kúrò lábúlé sábà máa ń fò ó kọjá. Nǹkan bíi 30 kìlómítà ló wà láàárín rẹ̀ àti Kútọnu. Ilé rọ̀ níbẹ̀ ju ti Kútọnu lọ, ọjà Ouando tóbi, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì lè fi Yorùbá ra ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má wò yín bí àlejò.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní Kútọnu àti Calavi, èdè Fọ̀n lẹ óò máa gbọ́ jù lójú ọjà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò kọ́ ọ, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lè gùn fún ìyá tí kò mọ aládùúgbò kankan tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ní òru. Níbi tí ẹ ti rí ènìyàn yín, yálà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń sọ èdè yín, ẹ ti rí ẹni tí ẹ lè kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Onílé, démarcheur àti ìwé

Démarcheur wúlò. Ó mọ ibi tí ilé ṣófo wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Ó máa ń gba owó ìbẹ̀wò, ó sì máa ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá gba ilé náà. Ẹ béèrè méjèèjì kí ẹ tó tẹ̀ lé e, kó má baà di pé ẹ san owó ìbẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹwàá fún ilé tí kò bá yín lára mu. Ṣùgbọ́n owó ilé fúnra rẹ̀, ọwọ́ onílé tàbí aṣojú rẹ̀ tí ẹ ti rí lójúkojú ni kó bọ́ sí. Wọ́n lè fi yàrá kan ṣoṣo han ènìyàn mẹ́ta, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì san án.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin lórí ilé gbígbà ní orílẹ̀-èdè wa ní kí àdéhùn láàárín onílé àti ayálégbé wà ní kíkọ, kí owó ìdúró tí onílé ń gbà, tí wọ́n ń pè ní caution, má sì ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ. Bí onílé bá ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, ẹ mọ̀ pé ó ti kọjá ohun tí òfin wí. Lóòótọ́, àwọn kan yóò ní kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òfin lè fi sùúrù bá onílé sọ̀rọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn san án ni. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Bí ẹ bá fi Mobile Money san án, ẹ má pa ìránṣẹ́ rẹ̀ rẹ́.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ka iná àti omi. Ṣé ẹ̀rọ SBEE tiyín wà, àbí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo àgbàlá ń lò, tí onílé fi ń pín owó rẹ̀? Níbi tí wọ́n ti ń pín in, ẹ bi àwọn ayálégbé tó wà níbẹ̀ pé èló ni wọ́n san lóṣù tó kọjá. Ibẹ̀ ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, titre foncier ni ìwé tó dájú pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni. Ìwé tí olùtà àti olùrà fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ sì sá fún ilẹ̀ etí omi tó jẹ́ ti ìjọba, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ní ọdún 2021, wọ́n wó Xwlacodji, àdúgbò àwọn apẹja tó ti wà tipẹ́ lẹ́bàá òkun ní Kútọnu. Bí wọ́n bá lè wó àdúgbò tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, wọn kò ní wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dé sí

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà ní ọjọ́ Sátidé yẹn láti ẹ̀gbẹ́ aláàkàrà. Mo sọ ti ìlà ara ògiri fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti sọ fún gbogbo ọjà pé òun ń lọ sí Kútọnu. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ṣé mo wá fẹ́ máa bẹ̀rù omi títí ni?" Mo ní rárá, kí a jọ wá ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá a. A lọ sí Calavi, a lọ sí Akpakpa, a sì lo ọjọ́ kan ní Ekpè. Nígbà tí a jókòó ṣe ìṣirò bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí, a rí i pé ibi tí ẹrù rẹ̀ ń gbà wá ti ń tọ́ka sí ibi kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Àjàṣẹ́, kò jìnnà sí ọjà Ouando. 20,000 fráńkì ni lóṣù, ó fi 5,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ tó ń ti Kétu bọ̀ ń já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ronú kan Kútọnu. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ìdí àtẹ. Ọmọ rẹ̀ àgbà ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní láti gun zémidjan kó tó dé.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn oníbàárà Kútọnu máa ń ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti Àjàṣẹ́ ń ra díẹ̀díẹ̀, ọjà rẹ̀ kò sì tà ní oṣù méjì àkọ́kọ́ bó ṣe rò. Ó ṣì máa ń lọ sí Dantokpa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Nígbà mìíràn tí inú bá bí i, á ní èmi ni mo gba Kútọnu lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù Kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé tí mo kọ́kọ́ lọ wò. N kò lè dé ibẹ̀. Zémidjan já mi sílẹ̀ ní ojú títì, ó ní òun kò wọlé. Láti ibẹ̀ mo rí ọkùnrin kan tó gbé ọmọ kọ́ ọrùn, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí ìlà. Ó ní kí n má pẹ́ nínú òjò, pé òun ń sá ẹ̀wà sí ìta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun sì ti kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó ní inú ilé gbẹ.